Omi Tó Gbẹ Lójú, Tí Kò Gbẹ Nísàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí jọ ọ̀rọ̀ kékeré létí. Omi dà sínú ọkọ̀: kí ló tún kù ju ká fi tówẹ̀lì nù ún, ká ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ká sá a sóòrùn? Bí a bá fẹ́ tu ẹni tó ni ín nínú, a ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Nínú ọkọ̀ òde òní, omi tó dà kì í lọ. Ara agbè náà ló ń wọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí oṣù mẹ́ta, títí oṣù mẹ́fà, nígbà tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé pé omi kankan dà rí. Ohun tí mo wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ọkọ̀ tí omi wọ inú rẹ̀ kò tíì gbẹ títí a ó fi gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, tí a ó sì fi ọwọ́ kan irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbígbẹ tí ojú ń rí lórí ìjókòó àti lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tàn ni. Ẹ̀tàn yìí ló ń jẹ wá lówó, òun ló ń sọ ohun tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ẹ̀mí wa di ohun tí kò ṣeé gbójú lé mọ́, òun náà ló sì jẹ́ kí ọkọ̀ tó ti mu omi dé ọrùn lókè òkun di ohun tí wọ́n ń tà fún wa bí ọkọ̀ tí kò lálèébù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àgbàrá nìkan ni ọ̀tá. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí ọ̀sà. Òjò wa máa ń múra láti oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó ń le sí i títí dé oṣù keje, ó ń sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ, ó sì ń padà wá lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Láti bí ọdún mélòó kan, àjọ̀dún Ojúde Ọba pàápàá ti bọ́ sáàárín òjò yìí, torí ẹ̀yìn Iléyá ló máa ń wáyé, Iléyá sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ojúde Ọba 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á kún ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde débi pé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà àti abẹ́ igi la ó máa gbé e sí, onílé àti àlejò á ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ, fèrèsé tí wọ́n ṣí díẹ̀ kí ooru lè jáde á sì wà bẹ́ẹ̀ títí òjò á fi bá a. Omi tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Èyí tí a kò kà sí ló pọ̀ jù.

Ẹ wo ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọn kò ṣe é kó dí omi pátápátá. Omi òjò tó ń ṣàn lára gíláàsì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wọ inú ilẹ̀kùn, ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló sì ń bá jáde. Ohun tó ń dá omi yìí lẹ́kun kó má bàa wọ ibi tí ènìyàn jókòó sí ni ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin, lẹ́yìn pátákó tó kọjú sí wa nínú ọkọ̀. Nígbà tí gíláàsì bá kọ̀ tí kò gòkè mọ́, tí a gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹwáyà, ọ̀rá yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ ya kí ọwọ́ tó lè wọlé. Gíláàsì á gòkè, owó á kọjá, ọ̀rá á sì kù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn náà, inú ọkọ̀ ló ń rọ̀ sí, ẹni tó ni ín á sì máa bú ọmọ tó gbàgbé fèrèsé ní ṣíṣí. Ewé máńgòrò náà ń ṣe tirẹ̀: nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà fẹsẹ̀ tì, kòtò kan wà tí omi ń gbà lọ sílẹ̀, bí ewé bá dí i, omi á kún ibẹ̀, á sì wá ọ̀nà wọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tó ní gíláàsì lórí òrùlé ní ọ̀nà ìṣàn tóóró ní igun rẹ̀, ewé náà ń dí ìyẹn. Éésì pàápàá ń da omi sílé. Omi tó máa ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí éésì bá ń ṣiṣẹ́ ní rọ́bà tó ń gbé e jáde. Bí ìdọ̀tí bá di rọ́bà náà, ibi ẹsẹ̀ èrò iwájú ni omi á máa kán sí lójoojúmọ́, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, láìsí òjò kankan. Ẹni tó bá lọ ra ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tó jù ú sí bọ́ọ̀tì nínú àpò tó ń jò, ti fi omi ẹja sí ibi tí oòrùn kò lè dé láéláé. Ká má tíì sọ ti ọmọ káwọ́ọ̀ṣì tó fi họ́ọ̀sì àti ọṣẹ fọ inú ọkọ̀ bí ẹni ń fọ balùwẹ̀, tí a sì ń yìn ín pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Níbo ni gbogbo omi yìí ń lọ? Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kì í ṣe aṣọ lásán. Lábẹ́ irun tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀, fóòmù tàbí òwú tó nípọn wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ń pa ariwo ọ̀nà àti ooru ẹ́ńjìnnì; nínú ọkọ̀ mìíràn ó nípọn tó ìka méjì. Lábẹ́ fóòmù ni irin wà, irin náà sì jìn bí àwo, ó ní etí yíká. Omi tó bá dé ibẹ̀ ti bọ́ sínú àwo tí wọ́n fi kànrìnkàn kún, tí wọ́n wá fi aṣọ bò lórí. Aṣọ òkè á gbẹ lọ́jọ́ méjì. Kànrìnkàn ìsàlẹ̀ lè wà ní tútù fún oṣù méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe gaàrí Ìjẹ̀bú kò nílò ìwé kankan kí ẹ tó lóye èyí. Gaàrí wa gba orúkọ nítorí gbígbẹ rẹ̀. Ó ń ró lẹ́nu, ó sì ń pẹ́ nílé láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tó ń yan gaàrí tí yóò bu ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin sínú agbada láìkọ́kọ́ fún un. Inú àpò ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọ́n á gbé òkúta lé e tàbí kí wọ́n fi jáàkì ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́, omi á máa ro lọ fún ọjọ́ mélòó kan kí ọ̀rọ̀ tó kan iná. Jáàkì ọkọ̀ ni mo sọ. A ń fi ohun èlò ọkọ̀ fún omi kúrò nínú gaàrí, ṣùgbọ́n a kì í fún omi kúrò nínú ọkọ̀. Oòrùn la ń sá a sí tààrà, pẹ̀lú gbogbo omi ara rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé fóòmù nìkan ló wà nísàlẹ̀ yẹn, òórùn burúkú ni gbogbo ìyà tí a ó jẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọkọ̀ òde òní ni ojú ọ̀nà wáyà. Ìdì wáyà ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ láti iwájú sẹ́yìn, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́nà. Lábẹ́ ìjókòó iwájú ni sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè wà, ti ẹ́ábáàgì ẹ̀gbẹ́ ìjókòó àti ti bẹ́líìtì tó ń fa ara rẹ̀ le nígbà ìkọlù. Láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, lórí irin gan-an, ni àpótí tó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ́ábáàgì sábà máa ń wà. Àwọn ọkọ̀ kan ní brain box mìíràn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, lábẹ́ ìjókòó tàbí lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀. Omi òjò fúnra rẹ̀ kì í gbé iná púpọ̀. Ìdọ̀tí, iyọ̀, ọṣẹ àti ásíìdì inú rẹ̀ ló ń gbé e, ìdí nìyí tí ìgò mínírà kan tó dà sẹ́bàá jíà fi lè ba nǹkan jẹ́ ju garawa omi òjò lọ. Níbi tí ẹnu wáyà méjì bá ti wà nínú ọ̀rinrin, tí bátìrì sì ń rán iná sí wọn, bàbà inú sọ́kẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, á hu àwọ̀ ewé, títí iná kò fi ní lè kọjá dáadáa mọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ yálà ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró, torí àwọn wáyà kan wà tí iná bátìrì kì í kúrò lára wọn bí a tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, ẹni tó yọ orí bátìrì kíákíá ti ṣe ju ẹni tó fi tówẹ̀lì mẹ́wàá nu ilẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní fi nǹkan kan hàn, ibẹ̀ sì ni ewu náà wà. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, fèrèsé kan á máa gòkè lọ́jọ́ kan, á kọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bátìrì tuntun á máa kú mọ́jú. Iná SRS, ìyẹn iná ẹ́ábáàgì, á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn kan á sì ní kí rẹwáyà bá wọn yọ gúlóòbù rẹ̀ kó má bàa máa da ojú wọn láàmú. Iná yẹn ń sọ pé ẹ̀rọ náà ti rí àléébù lára ara rẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti tàn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àpò náà yóò tú lọ́jọ́ ìkọlù. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Òrè tí à ń gbà kọjá kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń dán irú èyí wò. Ayé sì ti rí ẹ̀rí pé ọ̀rinrin àti ẹ́ábáàgì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ilé-iṣẹ́ Takata ti Jàpáànù fi èròjà tí wọ́n ń pè ní ammonium nitrate tú àpò tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ nínú ooru àti ọ̀rinrin, èròjà náà ń yí padà, ó ń bú ju bó ṣe yẹ lọ, irin tó wé e sì ń fọ́ lu awakọ̀. Ó lé ní 20 ènìyàn tó ti kú nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n sì ní kí wọ́n pààrọ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Àwọn agbègbè tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ pè. N kò sọ pé omi tó dà sílẹ̀ ọkọ̀ ló fa ti Takata. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá lè ṣe èyí, èmi kò rí ọgbọ́n tó wà nínú ká fi omi gidi sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó fún oṣù mẹ́fà ká sì máa pè é ní nǹkan kékeré.

Ti ara wa náà wà níbẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n mú kí ohunkóhun tí omi bá rin gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, torí lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ohun tó ń bu nínú fóòmù, éésì ló ń fẹ́ ẹ sí wa nímú, ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí ọmọ kékeré ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Lọ́fínńdà tí a gbé kọ́ sára dígí kò wo nǹkan kan sàn; ó kàn ń bo òórùn tó yẹ kó kìlọ̀ fún wa ni.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà awakọ̀ ní èsì. Wọ́n á ní Pọ́jò 504 wọ odò, ó jáde, ó sì tún rìn fún ogún ọdún. Wọ́n á ní Ìjàpá Volkswagen ń gba òjò lórí, ó ń gba ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbé kápẹ́ẹ̀tì kankan. Òótọ́ ni. Pọ́jò tí ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 àti Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó ní ọdún yẹn kan náà jẹ́ ọkọ̀ tó le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tó wà nílẹ̀ wọn. Irin wà níbẹ̀, rọ́bà wà níbẹ̀, wáyà iná ẹ̀yìn mélòó kan sì kọjá. Kò sí ẹ́ábáàgì, kò sí brain box, kò sí sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bóyá ènìyàn jókòó tàbí kò jókòó. Omi kò rí nǹkan púpọ̀ bàjẹ́ níbẹ̀ ju irin lọ, irin náà sì jẹra nígbẹ̀yìn. Ẹ lọ bi àwọn páńẹ́lì bítà tó ti dàgbà nídìí iṣẹ́ léèrè iye ilẹ̀ Pọ́jò tí wọ́n jó. Ọkọ̀ tí à ń wà lónìí yàtọ̀: ó ní ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń bára wọn sọ̀rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó dógùn-ún lábẹ́ ìjókòó fi lè mú kí jíà kọ̀ láti yí. Ìrírí àwọn àgbà tọ̀nà lórí ọkọ̀ ìgbà tiwọn. Ọkọ̀ ló yí padà, ìrírí náà kò tíì bá a yí.

Èsì kejì, èyí tí gbogbo wa ń sọ, ni pé oòrùn wa tó le tó báyìí kò ní jẹ́ kí omi kankan kù. Mo bọ̀wọ̀ fún oòrùn, ṣùgbọ́n oòrùn kì í gbé omi lọ. Ó kàn ń sọ ọ́ di oru ni. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé oru lọ, afẹ́fẹ́ tiwa lóṣù kẹfà sì ti mu omi yó kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Bí a bá ti fèrèsé, tí a gbé ọkọ̀ sóòrùn, omi inú fóòmù á di oru lọ́sàn-án, á lọ fara mọ́ aṣọ òrùlé, gíláàsì àti ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí kò tilẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Tó bá dalẹ́ tí ojú ọjọ́ tutù, á tún padà di omi. Bí gíláàsì ọkọ̀ yín bá ń hu ìrì nínú lówùúrọ̀, kì í ṣe òtútù lásán. Omi ìsàlẹ̀ ló ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Títí fóòmù yẹn á fi kúrò nínú àwo irin rẹ̀, iṣẹ́ oòrùn kò lè parí, àfi nínú ọyẹ́ bóyá, ọyẹ́ sì jìnnà sí oṣù kẹfà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, òun ni mo ka sí jù nínú gbogbo àtakò, torí ẹni tó sọ pé òun kò lówó kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ìjókòó iwájú kọ̀ọ̀kan sábà máa ń dúró lórí nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Ẹni tó ní sípánà tó bá a mu lè yọ ìjókòó méjèèjì láàárọ̀ kan. Ohun tó lágbára níbẹ̀ ni sùúrù àti ètò: kí a má ṣe tan ọkọ̀ rárá, kí a yọ orí bátìrì kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a sì dúró kí iná tó kù nínú àpótí ẹ́ábáàgì lè tán, ìwé àwọn tó ń ṣe Toyota sì ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 90 ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó, tí a ó gbé ìjókòó jáde, tí a ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè láti etí ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní rọ́bà roboto nínú irin ilẹ̀ wọn tó ṣeé yọ kí omi lè ṣàn lọ. Kí a rántí dá a padà. Bó bá jẹ́ omi iyọ̀, omi ẹja tàbí àgbàrá, kí a kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ ṣan ibẹ̀, torí iyọ̀ tó bá gbẹ síbẹ̀ á tún máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Kí a wá fún fóòmù, kí a fi fáànù fẹ́ abẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí a tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò, kí a nu èyí tó bá ti ń hu àwọ̀ ewé. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo èyí. Brain box kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó ẹni tó máa fi kọ̀ǹpútà kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú rẹ̀, ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹni tí kò lówó gan-an ni kò yẹ kó dúró de brain box.

Mo ní láti yà bàrá díẹ̀ níhìn-ín, torí kò yẹ kí ìtọ́jú ọkọ̀ gbàgbé ẹ̀mí ẹni tó wà á. Omi tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà tó ń ṣàn lè mú kí ọkọ̀ kékeré léfòó. Èyí tó tó 60 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Ìbàdàn tó múlé tì wá mọ èyí ju ìwé lọ: odò Ògùnpa tó kún bo ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, àti òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tó gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Bí àgbàrá bá ti bo ojú ọ̀nà tí ẹ kò rí ilẹ̀, ẹ yí padà. Kápẹ́ẹ̀tì tó mu omi ní àtúnṣe.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Ìwé ìwádìí tí UNEP, àjọ tó ń mójú tó àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé jáde ní 2020 sọ pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ló kúrò ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáànù lọ sí ilẹ̀ mìíràn, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ìjì Harvey bo Houston ní Texas, Amẹ́ríkà, mọ́lẹ̀, lóṣù kẹjọ 2017. Àwọn tó ń ṣírò ọjà ọkọ̀ níbẹ̀ fojú díwọ̀n pé ọkọ̀ tó bàjẹ́ tó 300,000 sí 500,000. Ìjì Ian tẹ̀lé e ní Florida ní 2022, ilé-iṣẹ́ Carfax tó ń tọpa ìtàn ọkọ̀ sì fojú díwọ̀n pé ó lè tó 358,000 ọkọ̀ tí omi kàn. Omi òkun wà nínú ti Ian, iyọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ sí ilé gbàǹjo, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀ níbẹ̀ gbangba pé omi ló bà á jẹ́. Òótọ́ wà lórí ìwé ní Texas. Ó yẹ kí gbogbo wa bi ara wa léèrè ibi tí òótọ́ náà ń sọnù sí kí ọkọ̀ tó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í sọnù lójú òkun. Ọwọ́ ènìyàn ló ń nù ún, ohun tó sì jẹ́ kó ṣeé nù ni pé aṣọ òkè gbẹ, a sì gbà pé gbígbẹ rẹ̀ ni gbígbẹ ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó fa bẹ́líìtì jáde títí dé òpin, torí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í sábà fọ ibẹ̀, ẹrẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Kó gbé táyà inú bọ́ọ̀tì, kó wo nọ́ọ̀tì ìjókòó bóyá ó ti dógùn-ún nínú ọkọ̀ tí wọ́n ní kò ju ọdún díẹ̀ lọ. Kó fi nọ́ńbà ṣásí béèrè ìtàn ọkọ̀ náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Èsì àwọn tó ń tà ni pé, bí àwọn bá sọ òótọ́, ta ni yóò rà á? Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo rò pé ìdàkejì ni òótọ́. Ní 1970, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ọjà ọkọ̀ àlòkù ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà wà lára ohun tó mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ó fi hàn pé níbi tí olùrà kò bá ti lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó bàjẹ́, iye èyí tó bàjẹ́ ni yóò máa dá lé gbogbo wọn. Ẹni tó ní ọkọ̀ tó dára kò ní rí iye rẹ̀ gbà, á gbé tirẹ̀ kúrò lọ́jà, èyí tó bàjẹ́ á sì ṣẹ́kù. Kí ni a ń rí lónìí bí kò ṣe èyí? Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ń fura, ó ń dúnàá-dúrà bí ẹni ń bá olè sọ̀rọ̀, olóòótọ́ ló sì ń jìyà rẹ̀. Ọkọ̀ tí omi dé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí wọ́n tú, tí wọ́n fún, tí wọ́n mú kó gbẹ, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ní iye tirẹ̀, mẹkáníìkì sì lè bá olùrà díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí omi iyọ̀ dé dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò yẹ kó rìn mọ́. Ẹ tú u fún páàtì ara. Òfin náà kò dákẹ́: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi irọ́ ta ọjà, ó sì fẹ́ kí ẹni tó ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe sọ ọ́ fún olùrà.

Ẹnikẹ́ni má sì fi ọkàn lé ìṣúránsì tí kò kà. Third party tí òfin sọ pé kí gbogbo wa ní, tó kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2023, ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe. Kò san kọ́bọ̀ lórí omi tó wọ ọkọ̀ ẹni tó rà á. Ẹni tó bá ní comprehensive, kó wo inú ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n kọ àgbàrá síbẹ̀, kó sì béèrè kí òjò tó dé.

Ẹ̀yin rẹwáyà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ máa dá ọ̀rá ilẹ̀kùn padà sáyè rẹ̀. Bó bá ti ya, ọ̀rá mìíràn àti gọ́ọ̀mù kò wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ káwọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé họ́ọ̀sì jìnnà sí inú ọkọ̀, aṣọ tútù tó. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ tí òjò ọdún yìí ti bá ọkọ̀ yín rí, kí ẹ tó wakọ̀ kúrò níbí lónìí, ẹ ká mátì ẹsẹ̀ èrò iwájú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ kà dé ọgbọ̀n. Bí ọwọ́ yín bá jáde pẹ̀lú òtútù, omi ṣì wà níbẹ̀, ọ̀la ni kí ẹ pe ẹni tó ní sípánà.